Ebi Ọ̀sán, Àjẹjù Òru: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Ọwọ́ Onímọ̀ Oúnjẹ

Ẹni ọdún 46 ni obìnrin tí mo ń kọ nípa rẹ̀ yìí nígbà tí dókítà rẹ̀ kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́ pé kí ó wá rí mi. Ó ti fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo sì ti yí àwọn ohun tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀ padà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe, ó bí ọmọ méjì, òun náà ló sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àìsàn ti dá jókòó sílé. Lẹ́tà dókítà kò gùn rárá: HbA1c rẹ̀ jẹ́ 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 138/86, ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ kílò 86, kí n jọ̀wọ́ bá a tún ọ̀nà ìjẹun rẹ̀ ṣe.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, bí ṣúgà bá sì ṣe pọ̀ tó ni èyí tó lẹ̀ mọ́ wọn ṣe ń pọ̀ sí i. Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú, àyẹ̀wò yìí ń sọ bí ṣúgà ti rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta fún wa, kì í ṣe bó ti rí láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò nìkan. Nínú òṣùwọ̀n tí Ẹgbẹ́ Àtọ̀gbẹ ti Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí kò bá tó 5.7 kò ní wàhálà, 5.7 sí 6.4 ni ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ, bó bá sì di 6.5 sókè tí àyẹ̀wò kejì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Obìnrin yìí wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ bó ṣe jókòó tán ni pé, "Ẹ kọ gbogbo ohun tí n kò gbọdọ̀ fẹnu kàn mọ́ fún mi. Bó ti wù kó le tó, màá ṣe é." Àtọ̀gbẹ ló pa bàbá rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ bàbá náà kan, nítorí náà ìpayà tó wà lójú rẹ̀ ní ìdí. Mo kọ ọ́ fún un. Ohun 14 ni mo tò sórí ìwé, láti orí búrẹ́dì funfun dé orí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo fi ìwọ̀n tí oúnjẹ alẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá kún un, mo sì ní kí ó máa kọ ohunkóhun tó bá jẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí irọ́ kankan nínú ìwé náà. Síbẹ̀ àṣìṣe ni, èmi ni mo sì ṣe é, nítorí mo ti dáhùn kí n tó béèrè. Ohun tí iṣẹ́ wa kọ́ wa ni pé kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ìgbésí ayé ẹni tó wà níwájú wa dáadáa, kí a tó sọ ibi tí ìṣòro wà, kí a tó wá dá sí i, kí a sì máa tọpa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo fo ìpele àkọ́kọ́ dá nítorí pé ìpayà rẹ̀ ràn mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó padà wá, ó sì ti di kílò 88. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní: ẹyin kan, ewébẹ̀, ẹja bíbọ̀ tí kò ní epo, ìrẹsì tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ẹni tó bá ń jẹ ohun tí ìwé yẹn wí kò lè fi kílò méjì kún ara. N kò tíì sọ nǹkan kan tó fi bú sẹ́kún. Ó ní, "Irọ́ ni mo kọ. Ọ̀kánjúwà ni mí. Lọ́sàn-án mo lè kó ara mi níjàánu, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó máa ń dà bíi pé nǹkan ń gùn mí."

Mo ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kí ó má wulẹ̀ sọ ohun tó jẹ fún mi mọ́, kí ó kàn ròyìn ọjọ́ àná láti ìgbà tó lajú títí di ìgbà tó sùn, kí oúnjẹ sì wọ inú ìròyìn náà níbi tó bá ti kàn án. Ó jí ní aago 5. Ó wẹ ìyá rẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó fún un lóúnjẹ àti oògùn, ó sì múra fún àwọn ọmọ. Tíì tí kò ní ṣúgà ni òun fúnra rẹ̀ mu, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbà pé ẹni tó bá fẹ́ fọ́n kò gbọdọ̀ jẹun láàárọ̀. Ní aago 8 ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní aago 3 orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀, ni ó bá jẹ bisikíìtì mẹ́rin, ó sì mu agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lé e. Ó délé ní aago 7, ó se oúnjẹ fún gbogbo ilé, ó bù fún olúkúlùkù, kò bù fún ara rẹ̀. Ní aago 9, ìyá ti sùn, àwọn ọmọ ti wọ yàrá wọn. Ìgbà yẹn ló jẹ èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò lórí ìdúró, lẹ́yìn náà ó jẹ búrẹ́dì, ẹ̀pà, wàràkàṣì, àti ohunkóhun mìíràn tó bá wà nínú fìríìjì, títí aago 12 fi kù díẹ̀. Aago 12 ààbọ̀ ló tó sùn.

A jọ ṣírò rẹ̀, nítorí oníṣirò ni, mo sì mọ̀ pé nọ́ńbà ni yóò gbà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ. Láti aago 5 ìdájí títí di aago 9 alẹ́, ìyẹn wákàtí 16 gbáko tó fi ń gbé ènìyàn sókè, tó ń sáré, tó sì ń ronú, ohun tó wọ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí kálórì 400 lọ, ó sì lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tó jẹ́ ṣúgà inú agolo yẹn nìkan. Láàárín wákàtí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó jẹ nǹkan bí 1,900. Ó wo ìwé náà títí. Ohun tó sọ nígbà tó yá ni pé, "Ṣé ebi ló ń pa mí ni?"

Ebi ni. Ìdáhùn náà rọrùn débi pé ènìyàn lè fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí a ṣe lẹ́yìn náà ti inú rẹ̀ wá. Láàárín ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́kùnrin 36 kù sí nǹkan bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ọkùnrin náà yọ̀ǹda ara wọn ni, ara wọn le, wọ́n sì ti yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbà wọ́n. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi gba gbogbo ọkàn wọn. Wọ́n ń ka ìwé nípa bí a ṣe ń se oúnjẹ bí ẹni ń ka ìtàn, wọ́n ń lá abọ́, wọ́n ń fa àkókò ìjẹun gùn, inú sì ń bí wọn sódì. Nígbà tí a tú wọn sílẹ̀ láti jẹ ohun tó wù wọ́n, àwọn kan nínú wọn jẹun kọjá ohun tí ikùn lè gbà, wọ́n sì ń sọ pé ebi ṣì ń pa àwọn. Kò sí ẹni tó lè pe gbogbo àwọn 36 yẹn ní ọ̀kánjúwà. Ara tí a bá fi oúnjẹ dù yóò wá a, agídí ẹni tó ni ara náà kò sì ní lè dá a dúró títí ọjọ́ yóò fi ṣú.

Àìsùn tún ń ran ebi yìí lọ́wọ́. Bí ènìyàn kò bá sùn tó, họ́mọ̀nù tí a ń pè ní ghrelin, tó ń pe ebi, a máa ròkè, leptin tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó a sì máa wálẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni obìnrin yìí ń sùn, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán. Ó sì tún kù: oúnjẹ kan náà máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè lálẹ́ ju bó ti ń gbé e láàárọ̀ lọ, nítorí ara kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ínsúlínì, họ́mọ̀nù tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, mọ́ nígbà tó bá ti ń múra àtisùn. Àsìkò tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá ṣúgà jà ló ń kó oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ fún un.

Kí n tó dábàá ohunkóhun, mo bi í ní àwọn ìbéèrè kan tí n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ yìí tijú láti béèrè. Ṣé ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bì lẹ́yìn tó bá jẹun? Ṣé ó ń lo oògùn ìgbẹ́ láti fi dín sanra kù? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ó ń dà bíi pé ọwọ́ òun kò ká ìjẹun náà mọ́, ó sì ti pẹ́ tó? Bí àjẹjù bẹ́ẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta, tí ìtìjú àti ìbànújẹ́ sì ń bá a rìn, àìsàn tó ní orúkọ tirẹ̀ ni, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì pin sọ́dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ. Kò bì, kò lo oògùn, ṣùgbọ́n àwọn ìdáhùn rẹ̀ yòókù kan mí lóminú. Mo kọ wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan sì rí i lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó dá mi lójú pé àwọn ìpàdé mẹ́ta yẹn ló jẹ́ kí ó lè máa sọ òótọ́ fún mi láti ìgbà náà lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ fún: kí ó jẹun kí aago 8 òwúrọ̀ tó lù, kí ó sì tún jẹun ní aago 1. Mo ní kí ó má yí oúnjẹ alẹ́ padà rárá, kí ó máa jẹ ẹ́ bó ti ń jẹ ẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí a fẹ́ tàn jẹ. "Mo ti tó kílò 88, ẹ sì fẹ́ kí n jẹun sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé kí ó gbé òṣùwọ̀n tó wà nínú ilé ìwẹ̀ rẹ̀ kúrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí fún òwúrọ̀ ni ẹyin méjì, búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ ègé kan, àti èso kan tó gbọ́dọ̀ jẹ lódindi. A kò fi omi èso rọ́pò rẹ̀, nítorí fáíbà, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú èso àti ewébẹ̀ tí ikùn kì í dà, ló ń jẹ́ kí ṣúgà máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì ti fún èso tó sẹ́ ẹ ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ karùn-ún ó tẹ̀ mí láago, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní òun délé ní aago 7, òun sì jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ òun láìmọ̀ ọ́n mọ̀.

Nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ti di bárakú, a tẹ̀ síwájú sí abọ́ oúnjẹ. N kò fún un ní ìwé òfin mìíràn. Mo ya abọ́ kan, mo pín in sí méjì: ìdajì kan fún ewébẹ̀, ìdajì kejì ni a tún dá sí méjì, apá kan fún oúnjẹ afáralókun bí ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, apá kan fún oúnjẹ amáradàgbà bí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí adìẹ. Kò sí ohun tí a lé jáde nínú abọ́ yẹn. Ààyè tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan gbà ló yí padà. Mo kọ́ ọ pé kí ó kọ́kọ́ jẹ ewébẹ̀ àti ẹja kí ó tó kan ìrẹsì, nítorí ṣúgà kì í fi bẹ́ẹ̀ ga lẹ́yìn oúnjẹ tí a bá jẹ lọ́nà yẹn. Mo sì ní kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kó dà bíi kó yí ilé po ni. Iṣan ara tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà mọ́ra láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de ínsúlínì, ìrìn kékeré yẹn sì bọ́ sí àkókò tí ṣúgà ń ròkè gan-an. Agolo aago 3 kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ó tó pòórá fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti jẹun lọ́sàn-án kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìjẹun òru kò tán. Ó dín kù gidigidi, síbẹ̀ ó ṣì ń wáyé ní alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ní ìgbà tí a kò lè fi ẹ̀sùn kan ebi mọ́. Mo béèrè ohun tí wákàtí yẹn jẹ́ fún un. Ó ronú, ó sì sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé: "Wákàtí yẹn nìkan ni kò sí ẹni tó ń pè mí." Láti aago 5 ìdájí ni wọ́n ti ń pe obìnrin yìí, ìyá ń pè é, ọmọ ń pè é, ọ̀gá ń pè é. Nínú ilé ìdáná, lórí ìdúró, pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́, ó ń sinmi ni. Bí mo bá gba ẹ̀pà náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìfún un ní ìsinmi mìíràn, mo ti gba ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ọjọ́ náà.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa gbà pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò kan onímọ̀ oúnjẹ. Èmi kò gbà. A kò lè tún ohun tó wà nínú abọ́ ṣe kí a sì fi ẹni tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀. N kò sọ fún un bí yóò ṣe ṣètò ilé rẹ̀. Mo kàn bi í pé ta ni ó lè sọ fún. Ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò bẹ̀ lọ́wẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ ìyá wọn, àbúrò náà sì gbà láti máa wá ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tó ti di ọdún 17, gba oúnjẹ sísè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdajì wákàtí jókòó nínú yàrá rẹ̀ bó bá ti ń dé láti ibi iṣẹ́, ó tilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kàn án.

Lórí oògùn, dókítà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, láti ìgbà tí ìwọ̀n ara ti lọ sókè. Kò sí níkàáwọ́ mi láti sọ pé kí ó lò ó tàbí kí ó má lò ó, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tó béèrè. Ohun tí mo lè ṣe ni láti fi ẹ̀rí hàn án. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí ìdènà àtọ̀gbẹ, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, àwọn 3,234 tó wà lẹ́nu ọ̀nà àtọ̀gbẹ ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn. Àyípadà nínú ìjẹun àti ìrìn dín iye àwọn tó kó sínú àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, metformin dín in kù ní ìdá 31. Ṣùgbọ́n mo fi kún un pé wọn kò fi àwọn ènìyàn yẹn sílẹ̀ láti dá a ṣe: ẹ̀kọ́ 16 ni olúkúlùkù gbà lẹ́nu olùkọ́ tirẹ̀. Òun àti dókítà fẹnu kò sí i pé kí àwọn dúró fún oṣù mẹ́ta, kí àwọn sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò oṣù kẹta mú 6.0 wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìparí ọdún ìṣirò owó dé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ń dé ilé ní aago 10 alẹ́, gbogbo ètò àtijọ́ sì padà wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó wá sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kejì, dípò kí ó sá fún mi. A kò tún ohunkóhun pilẹ̀. Ẹyin bíbọ̀ méjì, èso kan àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan wọ inú àpò iṣẹ́ rẹ̀ ní àràárọ̀, ó sì jẹ wọ́n níwájú kọ̀ǹpútà nígbà tí kò bá ráyè jáde.

Ní oṣù keje, HbA1c rẹ̀ jẹ́ 5.8, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 130/82, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì jẹ́ kílò 81.5. Kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà pátápátá, kò sì tíì pàdánù ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara tí ìwádìí yẹn fi ṣe àfojúsùn, ìyẹn nǹkan bí kílò mẹ́fà fún un. Dókítà kò kọ metformin. Wákàtí mẹ́fà ló ń sùn báyìí, kò tó. Iyọ̀ inú oúnjẹ ilé rẹ̀ ṣì kọjá gíráàmù 5 lóòjọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá, òun ni a sì fẹ́ kọjú sí báyìí, nítorí ìfúnpá yẹn ṣì ga díẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ lọ. Àìsàn ìyá rẹ̀ sì ń le sí i, mo sì mọ̀ pé alẹ́ méjì tí àbúrò ń wá kò ní tó mọ́ láìpẹ́.

Nígbà tó fẹ́ dìde, ó yọ ìwé kan tó ti ká mẹ́rin jáde nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ohun 14 tí mo kọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Ó béèrè bóyá kí òun jù ú nù. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ tí mo fún un sí i lórí, mo sì fi í síwájú nínú fáìlì rẹ̀, ṣáájú gbogbo àbájáde àyẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ ni ìtọ́jú náà ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí i ni ó tún ń bọ̀.